Láàárín Columbus àti Omaha

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé wákàtí kan péré ló gbé ìfura wọ ilé wa ní Peckham. Ọjọ́ Àìkú ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti asalátù dé, mi ò tíì tú ìborùn mi, mo dúró ti fèrèsé ilé ìdáná níbi tí fóònù ti máa ń mú dáadáa, mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló wà lára ògiri wa. Mo béèrè, bí ènìyàn ṣe ń béèrè láì ní ìdí kan, pé, "Bọ̀dá mi, aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ yín báyìí?" Ó ní, "Aago méjìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Mo fẹ́ wá nǹkan jẹ kí n tó kírun." Mo ní ó dáa, a sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, a dágbére. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ tán ni nǹkan gún mi lọ́kàn. Columbus ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó sì ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Fún gbogbo ọdún yẹn ni mo ti ń ka ìka ọwọ́ mi márùn-ún kí n tó pè é, torí wákàtí márùn-ún ni Lọ́ńdọ̀nù fi ṣíwájú wọn. Bí aago mẹ́fà bá lù lọ́dọ̀ wa, aago kan ló yẹ kó lù lọ́dọ̀ tiwọn. Wákàtí kan ti sọ nù, mo sì fẹ́ mọ ibi tó gbà lọ.

Ẹni tó bá mọ̀ mí nígbà náà á sọ fún yín pé nǹkan kékeré kì í kọjá lójú mi. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Walworth, níbi tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo àwo oúnjẹ láti mọ̀ bóyá arúgbó jẹ ẹ́ ni tàbí ó kàn fi aṣọ ìnuwọ́ bò ó. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ń ṣọ́ ilé ìtajà kan ní Surrey Quays. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo ọwọ́ àwọn ènìyàn. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá wo òun jù, òun á tẹ̀ lé e, ẹni tí kò bá sì wo òun rárá, òun á tẹ̀ lé ìyẹn náà. Nínú ilé tí irú àwa méjèèjì ń gbé, ìfura kì í pẹ́ rí àga jókòó.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún pe ẹ̀gbọ́n mi, aago méje ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wa. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ti kírun ọ̀sán?" Ó ní, "Kò tíì tó àkókò." Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù mi ṣáájú: bó bá jẹ́ Columbus ló wà lóòótọ́, àkókò ìrun ọ̀sán ti wọlé dáadáa. Mo wá bi í tààrà.

"Bọ̀dá mi, níbo lẹ wà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! Omaha ni mo wà. Iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀ láti ìgbà ààwẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ ni."

Mi ò gbọ́ Omaha rí. Mo wá a lórí máàpù, mo rí i ní ìpínlẹ̀ Nebraska, láàárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, níbi tí òkun kankan ò sí nítòsí. Awakọ̀ tírélà ni ẹ̀gbọ́n mi, láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn ló ń kó ẹrù. Mo wá ń bi ara mi pé kí ló dé tí wọ́n fi ní láti gbé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìrìn kúrò nílé. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo pe ìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ní Columbus, ó jù mí lọ́jọ́ orí díẹ̀, ṣùgbọ́n torí pé ọmọ ilé ni mo jẹ́, kò pe orúkọ mi rí láti ọjọ́ tí a ti gbé e wọlé. Eyínfúnjowó ló ń pè mí. Mo ní, "Ẹ ò sọ fún mi pé Bọ̀dá mi ti kó lọ sí Omaha." Ó ní, "Háà, Eyínfúnjowó mi, wọn ò sọ fún yín ni?" Bó ṣe sọ ọ́, ó dà bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn. Kíá ló béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ mi.

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé mo ti ń múra láti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá wa kú, òun tó sì jẹ́ ọmọkùnrin ọdún mọ́kàndínlógún ló ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ilé ìwé mi lórí àga, òun ló dúró gẹ́gẹ́ bí bàbá lọ́jọ́ yìgì mi. Ó ti sọ fún mi tipẹ́ pé ọjọ́ tí mo bá gba pásípọ́ọ̀tù ìlú ọba, ọ̀dọ̀ òun ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ. Ọdún yẹn ni mo gbà á. Mo ti bẹ mánéjà mi, ó ti fún mi ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá. Mo wá ní tíkẹ́ẹ̀tì kan láti rà, ìlú méjì sì wà níwájú mi.

Lákòókò oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́, mo máa ń ka nípa wọn lórí fóònù. Kò sí èyí tí ènìyàn lè fi yangàn nínú méjèèjì. Ìyá kan ní asalátù wa bi mí pé, "Ṣé New York ti kún ni?" Columbus ní odò kan àti yunifásítì ńlá, àwọn ará Sòmálíà àti àwọn ará ilé wa pọ̀ níbẹ̀, ẹran hàlálì ò sì wọ́n. Omaha náà ní odò tirẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ níbẹ̀ lọ́dún lọ́dún. Bó bá jẹ́ ìlú nìkan ni, ǹ bá ti sọ ẹyọ owó sókè kí n gba èyí tó bá bọ́. Àwọn tó ń gbé inú wọn ni kò yé mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Columbus ni kó o lọ. Ilé wa nìyẹn. Kí lo fẹ́ wá wò ní Omaha? Màlúù àti atẹ́gùn ló wà níbí. Tó o bá ti dé ọ̀dọ̀ ìyàwó yín, èmi náà á wá bá yín lópin ọ̀sẹ̀."

Ìyàwó wa ní, "Eyínfúnjowó, ẹ má wulẹ̀ wá jókòó sí Columbus. Ibi iṣẹ́ ni mo máa wà látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yin nìkan lẹ máa máa wo ògiri. Ṣebí ẹ̀gbọ́n yín lẹ fẹ́ rí? Ẹ lọ bá wọn ní Omaha. Ọgbà ẹranko kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kó odindi aṣálẹ̀ tòun tiyanrìn rẹ̀ sábẹ́ ilé onígíláàsì."

Mo gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀gbọ́n mi ń tì mí sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń tì mí sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti rí ìdílé tó ń du àlejò, mi ò rí èyí tó ń ti àlejò síra wọn lọ́wọ́ báyìí rí, bí ìgbà tí ènìyàn méjì ń gbé àga kan kiri tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ ní pálọ̀ rẹ̀.

Ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì dájọ́ lójú ẹsẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ní obìnrin kan níbẹ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ọkùnrin tó bá kúrò nílé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí lo rò pó ń ṣe? Ó ń kọ́ mọ́sálásí ni?"

Mo bínú sí i fún odidi ọjọ́ méjì. Ẹ̀gbọ́n tó tọ́ mi kò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìyàwó ló jẹ̀bi. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Ó rọrùn fún mi tó bẹ́ẹ̀. Mo pinnu lọ́kàn mi pé obìnrin náà ti lé e jáde, ẹ̀gbọ́n mi sì ń bo àṣírí rẹ̀ torí pé ọmọlúàbí ni. Láti ìgbà náà ni mo ti di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Bí ìyàwó wa bá pè mí lórí fídíò, n kì í wo ojú rẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń wò. Lọ́jọ́ kan mo rí i pé fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń wà lókè àga, èyí tó yà lọ́dún tó ti Mẹ́kà dé, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ funfun ju ìyókù ògiri lọ. Mo ní, "Fọ́tò Bọ̀dá mi dà?" Ó yíjú wo ẹ̀yìn, bí ẹni tó gbàgbé pé mo lè rí ibẹ̀. "Ó jábọ́ ni," ló wí. Ìṣó tí wọ́n fi kọ́ ọ ṣì wà nínú ògiri gbọingbọin.

Ọjọ́ kejì ni mo ṣe ohun tí mi ò tíì lè sọ láì ká mi lára. Mo ti ibi iṣẹ́ jáde, ó ti rẹ̀ mí, mo jókòó sókè bọ́ọ̀sì ní Walworth Road, mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù, mo sì sọ̀rọ̀ sí ìyàwó wa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo ní òógùn ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ilé tó ń gbé. Mo ní ẹni tí a fi ọwọ́ méjèèjì gbà wọlé ló wá ń ti onílé síta. Mo sọ èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ tí mi ò ní tún kọ síbí. Ọkùnrin tó jókòó níwájú mi kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ ó dìde lọ sí ìjókòó mìíràn. Lọ́jọ́ kejì ni èsì dé, ó kọ ọ́ ni, kò sọ ọ́: "Mo ti gbọ́, Aunty. Ẹ ṣeun." Kò pè mí ní Eyínfúnjowó. Mo fi han ọkọ mi bí ẹ̀rí pé mo ti mú un.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù. Àwa tó ní pásípọ́ọ̀tù ìlú ọba, orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti ń gba àṣẹ láti wọ Amẹ́ríkà, mo sì lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ilé ìkàwé Peckham láti kọ ọ́. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tó ní kí n kọ àdírẹ́sì ibi tí n óò dé sí. Mo kọ Columbus, mo pa á rẹ́. Lẹ́yìn ohun tí mo sọ lórí bọ́ọ̀sì yẹn, ojú wo ni mo máa fi wọ ilé obìnrin náà? Mo kọ Omaha, mo pa á rẹ́. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó fún mi ní àdírẹ́sì rẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló tó fèsì, ó sì jẹ́ orúkọ òpópónà lásán, kò sí nọ́ńbà ilé. Ìyẹn ló jẹ́ kí n yan. Mo ní ẹni tó ń gbé ilé tí kò ní nọ́ńbà, òun ló yẹ kí n lọ wò. Mo kọ àdírẹ́sì hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Omaha sínú fọ́ọ̀mù náà, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo sì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé Columbus ni mò ń lọ. Ó ní inú òun dùn. Ó jọ pé inú rẹ̀ dùn lóòótọ́, ìyẹn tún fi kún ìfura mi. Èmi tí mò ń wá òpùrọ́ kiri, irọ́ ni mo fi wọ bàálù.

Ní Chicago, níbi tí mo ti fẹ́ wọ bàálù kejì, ọ̀gá tó ń wo pásípọ́ọ̀tù bi mí níbi tí mò ń lọ. Mo ní Omaha. Ó gbé ojú sókè. Ta ni mo ní níbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi. Kí ló dé tó jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ni mo kọ síbí? Mo kólòlò, mo wá ní ọgbà ẹranko ni mo tún fẹ́ wò. Ó wò mí bí mo ṣe ń wo ìyàwó wa lórí fídíò, ó wo pásípọ́ọ̀tù, ó tún wò mí, kó tó tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀.

Ọ̀sán ni mo dé Omaha. Pápákọ̀ òfuurufú wọn kéré, ó sì dákẹ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Bọ̀dá mi, mo ti dé."

"Alhamdulillahi. Ṣé ìyàwó yín ti wá gbé ọ?"

"Omaha ni mo wà."

"Omaha wo?"

"Ṣé wọ́n ní ju ẹyọ kan lọ ni?"

"Dúró síbẹ̀," ló wí. "Má kúrò níbẹ̀ o."

Mo dúró fún bíi wákàtí méjì. Nígbà yẹn ọ̀rọ̀ ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ mí létí, mo sì ń fojú inú rí i bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń kó bàtà obìnrin pamọ́. Ibi tí mo ti ń wo àwọn mọ́tò ni bọ́ọ̀sì kan dúró, òun ló sì bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ọkùnrin tí mo mọ̀ pé kò lè lọ ra búrẹ́dì láì gbé mọ́tò ló ti bọ́ọ̀sì jáde, tó di irin àtẹ̀gùn mú. Ó ti rù. Ó wọlé, ìborùn pupa fòò ló wà lórí mi, kò sì ju apá kan lọ láàárín wa, ẹ̀gbọ́n mi kọjá lára mi lọ bí ẹni pé òpó ni mí. Omi bọ́ lójú mi. Mo rò pé ó ti bínú débi tí kò fi fẹ́ rí mi. Mo pè é, "Bọ̀dá mi!" Ó yíjú sí ibi tí mi ò sí. Ó wá yí gbogbo ara padà, díẹ̀díẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi kò mí.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń yí ara báyẹn. Níbi iṣẹ́ mi, ojoojúmọ́ ni mò ń di ọwọ́ àwọn tó ń yí ara báyẹn mú lọ sídìí oúnjẹ. Mo rọra rìn lọ sí apá òsì rẹ̀, mo na ọwọ́ sókè. Kò rí i.

"Bọ̀dá mi, láti ìgbà wo lojú yín ti rí báyìí?"

"Ojú mi ò ṣe nǹkan kan."

"Ìka mélòó ni mo nà?"

"Ìwọ ọmọ yìí," ló wí, ọwọ́ rẹ̀ sì ń wá èjìká mi títí tó fi rí i. "Jẹ́ ká lọ. Bọ́ọ̀sì ò ní dúró dè wá."

Yàrá abẹ́ ilé kan ló ń gbé. Ó ti lẹ téépù funfun mọ́ etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan kó lè rí ibi tí yóò tẹ̀. Ibùsùn kan, àga kan, ẹní ìkírun tó ká dáadáa. Ẹ foríjì mí, mo ṣì yọjú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ bóyá aṣọ obìnrin wà níbẹ̀. Táwẹ́lì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó se ráìsì fún mi, ó sì ń fi ìka kan etí ìkòkò kó tó bu nǹkan sínú rẹ̀. Ibi oúnjẹ yẹn ló ti sọ fún mi. Lọ́dún méjì méjì ni wọ́n ń yẹ ara àwọn awakọ̀ tírélà wò, dókítà tó wo ojú rẹ̀ kẹ́yìn sì ní àrùn kan ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ó ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wọlé, kì í dunni, ènìyàn kì í sì í mọ̀ títí yóò fi jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní kó má wa ọkọ̀ ẹrù mọ́. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ilé iṣẹ́ kan ní Omaha fẹ́ òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan ló bá a wá iṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn hòtẹ́ẹ̀lì. Kíká ló ń ká wọn. Ó ní ọwọ́ ló ń ṣe ìyẹn, kì í ṣe ojú.

"Nọ́ọ̀sì lẹ fẹ́," ni mo wí. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún un?"

"Ìyẹn gan-an ni. Àwọn aláìsàn ń dúró dè é níbi iṣẹ́, kó wá tún bá òmíràn nílé? Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi ń gbé e káàkiri nínú mọ́tò. Mi ò fẹ́ kó máa fà mí lọ́wọ́ sọdá títì."

"Ṣé òun kọ́ ló lé yín jáde?"

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ta ló lé ta? Èmi ni mo sá. Mo ní kó o lọ sí Columbus kí ẹnì kan nínú wa lè jókòó tì í. Mo rò pé tó o bá débẹ̀, wàá máa sọ fún mi bó ṣe wà."

Gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́rin tí mo fi sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀sì ló ń padà sí mi létí, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Mi ò sọ ọ́ fún un. Ó ní kí n ṣèlérí pé mi ò ní jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gbọ́, mo sì ṣèlérí.

Ọjọ́ kẹta ni mo yẹ àdéhùn. Mo sìn ín lọ síbi iṣẹ́, a dé etí títì, ó wo ọ̀tún, ó sì gbé ẹsẹ̀. Mọ́tò kan ń bọ̀ láti òsì. Ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni mo gbá mú tí mo fi fà á padà, bọ́tìnnì méjì já sílẹ̀. Ẹni tó wa mọ́tò náà bú wa. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ará ibí ń sáré jù. Nígbà tó wọlé tán síbi iṣẹ́, mo jókòó sórí kọ́bù ẹ̀bá títì níta, mo pe ìyàwó wa ní Columbus.

Mo ní, "Èmi ni o. Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá mi ni mo wà, ní Omaha."

Nígbà tí ìyàwó wa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré gan-an. "Ṣé obìnrin kan wà níbẹ̀?"

"Kò sí obìnrin kankan. Ojú wọn ni."

"Ojú wọn? Kí ló ṣe ojú wọn?"

Mo ṣàlàyé. Mo gbọ́ tó fa àga, tó jókòó. "Mo ti gbà pé obìnrin ni," ló wí. "Láti oṣù mẹ́jọ. Èmi ni mo yọ fọ́tò wọn, Aunty, inú ló bí mi. Mo ní kẹ́ ẹ lọ sí Omaha kẹ́ ẹ lè bá mi fojú rí i, torí èmi ò ní lè fara dà á." Ẹkún wá gbà á. "Ojú olójú ni mò ń wò níbi iṣẹ́ látàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ń fi ara gbá ilẹ̀kùn nílé, mò ń bá wọn jà pé wọn ò farabalẹ̀."

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ kejì ló gbéra. Ìrìn wákàtí méjìlá ni nínú mọ́tò, òun nìkan ló sì wà á. Ìrọ̀lẹ́ ló dé. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo kàn fi ọwọ́ júwe àtẹ̀gùn fún un ni. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí ibùsùn, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó rò pé èmi ni. Ó ní, "Ṣé o rí búrẹ́dì rà?" Ìyàwó rẹ̀ rìn lọ bá a, ó gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó gbé orí rẹ̀ sí ọ̀nà ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ọsibítù.

"Ìgbà wo lẹ lo oògùn ojú yín kẹ́yìn?"

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dìde, kò lè dìde. "Ó ti tán," ló wí.

"Láti ìgbà wo?"

Mo jáde lọ síta, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Ìdí mọ́tò rẹ̀ ni ìyàwó wa ti bá mi lẹ́yìn náà. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi ọmọ ilé, lórí koríko ilé onílé ní Omaha. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde, kí wọ́n má lọ pe ọlọ́pàá fún wa." Mo ní kó dárí jì mí fún ohun tí mo sọ. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Ìgbà kẹta ni mo tó gbọ́ pé ẹ ń sunkún nínú rẹ̀." Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn kó tó tún pè mí ní Eyínfúnjowó, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ẹ̀gbọ́n mi kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní òun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń wá gbé. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ta ló ní mo wá gbé yín? Tó bá jẹ́ Omaha lẹ fẹ́, nọ́ọ̀sì ń ríṣẹ́ níbi gbogbo, mo máa kó wá. Ẹ yàn." Bí èmi ṣe jókòó ní Peckham tí mò ń kọ ìlú tí mò ń pa á rẹ́, ni òun náà ṣe jókòó sórí ibùsùn yẹn fún odidi ọjọ́ kan. Níkẹyìn ó ní Columbus ni, torí pé òun mọ gbogbo ọ̀nà ibẹ̀ lórí, bí ojú bá tiẹ̀ lọ tán, ẹsẹ̀ òun á mọ̀ ọ́n. Báàgì méjì ni gbogbo ẹrù rẹ̀. Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn, àmọ́ Omaha ni tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ mi ti máa gbéra, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà tí wọ́n máa sọ nínú mọ́tò fún wákàtí méjìlá tí kò yẹ kí n gbọ́. Mo dúró sẹ́yìn. Mo gbá yàrá náà, mo fọ ìkòkò, mo kúnlẹ̀ bó téépù funfun kúrò lára àtẹ̀gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fún onílé ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ojú òsì ẹ̀gbọ́n mi ti lọ pátápátá báyìí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀tún, ó ṣì ń fi ríran díẹ̀. Ó ń se oúnjẹ, ìyàwó rẹ̀ ń ráhùn pé iyọ̀ pọ̀ jù, ẹ̀gbọ́n mi sì ń jẹ́ kó di ọwọ́ òun mú sọdá títì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń fẹ́ kí àwọn ènìyàn rò pé òun ló di tirẹ̀ mú. Mo ti lọ sí Columbus lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Ìlú jẹ́ẹ́ ni. Ọkọ mi kò tíì gbà pé òun ṣì í. Ó ní nǹkan wà níbẹ̀ lóòótọ́, òun kàn ṣi orúkọ rẹ̀ pè ni. Mo máa ń bú u, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń sọ fún ara mi. Òótọ́ ni pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ fún mi. Gbogbo nǹkan tó kù ni mo ṣì.

Ìyàwó wa ló ní kí n lọ yẹ ojú tèmi wò nígbà tí mo padà dé, torí àrùn náà máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn oníjígí ojú ní Rye Lane, wọ́n sì rí i, kékeré ló wà, kò tíì jẹ nǹkan kan. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kán oògùn sójú ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní tí mo bá ti kán an, kí n di ojú fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo máa ń jókòó sórí àga ní pálọ̀, mo máa ń gbọ́ bọ́ọ̀sì tó ń kọjá, àwọn ọmọ tó ń rìn nínú ilé, n kì í sì í rí nǹkan kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, ó sì máa ń pẹ́ lójú mi. Ibẹ̀ ni mo ti ń ro ẹ̀gbọ́n mi, bó ṣe jókòó nínú yàrá abẹ́ ilé yẹn fún oṣù mẹ́jọ, tó ń sọ fún mi lórí fóònù pé àlàáfíà ni òun wà, tí èmi sì ń wá ẹni tí n óò dá lẹ́bi.